Ọwọ́ mi ṣófo níwájú adájọ́: ẹ̀yin onílé, ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin onílé ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ti ń ka ìrírí yín tipẹ́, mi ò sọ tèmi rí. Ọ̀rọ̀ owó kọ́ṣọ̀n ni mo gbé wá, ìyẹn owó tí ayálégbé máa ń kó sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé nítorí ìbàjẹ́. Ẹni tó bá ń gbèrò láti ra ilé kó lè máa gba owó lórí rẹ̀, kó ka èyí ná.

Ọdún mẹ́rin ni ọkùnrin náà fi gbé ilé mi. Kò jẹ mí lówó ilé rí, ìdí nìyẹn tí mo fi fọkàn tán an. Lọ́jọ́ tó ń kó lọ, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, a dágbére fún ara wa dáadáa. Ìgbà tó lọ tán ni mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì. Pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú bí ìwé tí òjò pa. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka rì wọlé. Páìpù ti ń jò síbẹ̀, kì í sì í ṣe jíjò oṣù kan tàbí méjì. Ihò mẹ́fà ló wà lára ògiri yàrá, ọ̀dà pálọ̀ ti ṣá, kápẹ́ẹ̀tì sì ti fẹ́ẹ́ jẹ tán lẹ́nu ọ̀nà. Inú bí mi gidi. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo ní owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀ ti bá a lọ, kò tiẹ̀ tó.

Ó pè mí lẹ́jọ́ ní kóòtù kékeré, irú èyí tí kò la ti lọ́yà lọ. Ọkàn mi balẹ̀ wọlé. Mo ní rìsíìtì káfíńtà, mo ní ti ẹni tó kun ilé, mo ní fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́ tó kó lọ. Adájọ́ gba fọ́tò náà, ó wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní: “Mo ti rí bí ilé ṣe rí nígbà tó jáde. Fi bó ṣe rí nígbà tó wọlé hàn mí.”

Mi ò ní. Mo ní ilé náà dára nígbà yẹn. Ayálégbé ní kọ́bọ́ọ̀dù ti ń wú díẹ̀díẹ̀ kí òun tó dé. Ẹnu tèmi, ẹnu tiẹ̀. Adájọ́ wá là á yé mi pé owó kọ́ṣọ̀n kì í ṣe owó onílé. Owó ayálégbé ni, ọwọ́ onílé ló kàn wà. Onílé tó bá fẹ́ yọ nínú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Ayálégbé ò ní í máa wá ẹ̀rí kiri pé òun ò ba nǹkan jẹ́.

Ó tún pín ohun tí mo kọ sọ́nà méjì: ohun tó gbó àti ohun tí wọ́n bà jẹ́. Ọ̀dà tó ṣá lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó gbó ni. Kápẹ́ẹ̀tì tó jẹ níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà, ó gbó ni, owó ilé tí mo ń gbà lóṣooṣù ló sì ti san owó gbígbó yẹn. Ihò ara ògiri nìkan ló kà sí ìbàjẹ́. Ká tiẹ̀ ní mo ní ẹ̀rí pé ó fi iná jó kápẹ́ẹ̀tì náà, mi ò ní í gba owó tuntun. Kápẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó lo ọdún 10, tó ti lo 8, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ ló kù tí èèyàn lè béèrè. Ọdún kọkànlá tí mo ti ń gba owó ilé lọ́wọ́ èèyàn nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Mo dá èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ padà. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ni mo ń sọ. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn dára. Èmi fúnra mi ni mo dúró ti káfíńtà lọ́jọ́ tó kàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń ka òfin bí ẹni ń ka lẹ́tà ilé. Ní England àti Wales, láti oṣù kẹrin ọdún 2007, onílé ò lè kàn kó owó yìí sápò. Abẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí ló gbọ́dọ̀ wà, lónìí wọ́n fún onílé ní ọjọ́ 30 láti ṣe é. Ẹni tó bá kọ̀, ilé ẹjọ́ lè ní kó san tó ìlọ́po mẹ́ta owó náà fún ayálégbé. Ní Jámánì, kò gbọdọ̀ ju owó ilé oṣù 3 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ sí owó onílé. Òfin ibi tí ilé yín wà ni kí ẹ kà o. Èyí tí ọ̀rẹ́ yín ń tẹ̀ lé níbòmíràn lè má wúlò fún yín.

Ẹ sọ tiyín, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín tí ẹ mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ ti mọ̀ ṣáájú?

Onílé Méjì

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ̀yin tiẹ̀ ní rìsíìtì lọ́wọ́. Ìbínú ni mo fi ṣe tèmi, ó sì tó ọdún mẹ́fà kí n tó lè sọ ọ́ jáde.

Obìnrin kan jẹ mí lówó ilé oṣù márùn-ún. Mo pè é títí, kò gbé fóònù mọ́. Lọ́jọ́ kan tó ti lọ síbi iṣẹ́, mo mú ẹni tó ń tún kọ́kọ́rọ́ ṣe dání, a yọ kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà, a fi òmíràn síbẹ̀. Lọ́kàn mi, ilé mi ni, owó mi ni mo fi rà á, ta ni yóò bi mí? Mo jókòó sínú ọkọ̀ lódìkejì títì títí ó fi dé. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, ó yí i, kò yí. Ó yọ ọ́, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ọmọ rẹ̀ gbé báàgì ilé ìwé kọ́ èjìká, ó ń wo ìyá rẹ̀ lójú. Títí dòní, mo ṣì ń rí bó ṣe ń nu kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọlọ́pàá ti wá bá mi. Nígbà tí a dé kóòtù, owó ibi tó sùn, owó ohun tó ní òun ò rí mọ́ nínú ilé, gbogbo rẹ̀ dà sí mi lórí. Owó oṣù márùn-ún tí mo ní ẹ̀tọ́ sí gan-an wọ inú rẹ̀ lọ. Lọ́yà mi ní ayálégbé tó jẹ gbèsè kò tíì di àjèjì nínú ilé. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àṣẹ ilé ẹjọ́ nìkan ló lè lé e jáde. Pípa kọ́kọ́rọ́ dà, gígé iná, títi omi pa, yíyọ ilẹ̀kùn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú òfin. Ní England, òfin ọdún 1977 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ, mo kọ nótíìsì fún un pé kó kó jáde. Adájọ́ dà á nù. Mo ka ọjọ́ láti ọjọ́ tí mo kọ ọ́, dípò ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fi kùnà, mo sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́yà tún kìlọ̀ fún mi pé tí nótíìsì bá ti pé, kí n má gba owó ilé kankan lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ fún òun, nítorí adájọ́ lè kà á sí pé mo ti fún un láyè láti máa gbé ibẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ti fún ní nótíìsì, ẹ kọ́kọ́ lọ bi lọ́yà yín.

Mo ti padà bẹ obìnrin náà. Ó gbọ́, kò dá mi lóhùn.

Àbúrò Yín

Ẹ kú ìrírí o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Tèmi kò kan kóòtù, ọ̀rọ̀ ìṣirò ni. Ayálégbé kan wà lọ́dọ̀ mi tí kì í pẹ́ kó tó sanwó, tí kì í pariwo. Éjẹ́ǹtì ní ọjà ti gbóná, kí n fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ilé. Mo fi lé e. Ayálégbé kó jáde. Oṣù méjì ni ilé fi ṣófo kí n tó rí ẹlòmíràn tó gba iye tuntun náà.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní 100 ni mo ń gbà tẹ́lẹ̀ lóṣù, tó wá di 105. Oṣù méjì tó ṣófo, 200 ló gbé lọ. 5 péré ni mo fi ń lé e lóṣooṣù. Oṣù 40 ni màá fi gbà á padà, ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin, n kò tíì ka ti ọ̀dà àti ti éjẹ́ǹtì. Ká ní mo ti mú bébà tẹ́lẹ̀ ni, ìṣẹ́jú kan ni ìṣirò yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó báǹkì tí mo fi ra ilé kejì. Èlé rẹ̀ lè yí padà, mi ò sì bìkítà, torí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni nígbà tí mo gbà á. Tó bá jẹ́ èlé nìkan lo ń san, láti 4 sí 7 túmọ̀ sí pé ohun tí ò ń san lóṣù fi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé èlé láti 1 ní oṣù kẹfà ọdún 2004 dé 5.25 ní oṣù kẹfà ọdún 2006, ọ̀pọ̀ tó gba irú owó yẹn ni ilé wọn bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn náà. Ní báyìí, mo máa ń fi 3 lé iye èlé tí báǹkì sọ, tó bá ní 4, mo kà á sí 7, mo sì ń yọ owó oṣù kan nínú ọdún fún òfìfo. Ilé tí kò bá lè gbé ẹrù méjèèjì yẹn lórí ìwé, mi ò rà á.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, báwo lẹ ṣe ń ya fọ́tò yẹn báyìí?

Onílé Méjì

Kí Ìyá Ìbejì tó dáhùn, ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un fún àbúrò tó ń rà. Lọ́yà máa ń wo ìwé ilé ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní kó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹlẹ́ẹ̀kejì jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ sanwó. Mo rí ilé kan tí ìwé rẹ̀ mọ́ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹni tó ń tà á ti fi í dúró fún gbèsè ní báǹkì. Òwúrọ̀ yẹn la rí i.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣé púpọ̀. Ti kọ́kọ́rọ́ yẹn wọ̀ mí lára, Onílé Méjì.

Àwa méjèèjì, èmi àti ayálégbé, la jọ ń rìn yí ilé ká báyìí kí ẹrù kankan tó wọlé. A ń ṣí gbogbo ohun tó ṣeé ṣí. A ń tan iná, a ń jẹ́ kí omi máa ṣàn tó ìṣẹ́jú mélòó kan, èmi á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ abẹ́ páìpù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Fóònù tirẹ̀ la fi ń ya fídíò, kó lè jẹ́ pé òun ló fi ránṣẹ́ sí mi, kí ọjọ́ àti aago hàn lójú fóònù méjèèjì. Mo ní ìwé kan tí mo pín sí yàrá-yàrá, a ń kọ ohun tó dára síbẹ̀, a ń kọ èyí tó ní àbùkù náà, torí ohun tí òun náà rí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo máa ń kọ̀wé sí i ṣáájú pé mò ń bọ̀ wá wo páìpù.

Ọmọbìnrin tó wọlé kẹ́yìn, nígbà tí a dé ìdí síǹkì, mo ní kó fọwọ́ kan pákó ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fọwọ́ kàn án, ó fi ìka ra á dé igun. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ “gbẹ, kò sí jíjò” síbẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.