Kátíríìjì wọlé, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀

Àlàó Regina: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ní ká jọ lọ dọdẹ gúùsì, ẹyẹ tó dà bíi pẹ́pẹ́yẹ ńlá, láàárọ̀ Sátidé. PAL mi, ìwé àṣẹ ìbọn ti Kánádà, ti dé, mo bá sáré ra dọ́bù bárẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan. Gẹ́ẹ́jì 12 ni, ìyẹn ìwọ̀n bí ihò ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Mo ra kátíríìjì ọlọ́ta irin, íǹṣì 3, ó wọlé wẹ́rẹ́. Alẹ́ àná ni mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ìbọn, mo rí 2¾, ìyẹn gígùn ihò kátíríìjì ẹ̀ ní íǹṣì, mo tún rí "Full", ìyẹn pé ẹnu ìbọn há gan-an. Oorun dá lójú mi. Ṣé kí n yìn ín bẹ́ẹ̀? Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, èwo ni kí n rà: pọ́ǹpù tí wọ́n ń fọwọ́ fà kí kátíríìjì tó kàn lè wọlé, àbí ọtomátíìkì tó ń ki ara ẹ̀?

Bàbá Ìbejì, Edmonton: Má yìn ín! Àbúrò, ohun tó ṣe mí gan-an nìyẹn. Òjé ni wọ́n ṣe ìbọn àtijọ́ fún. Òjé rọ̀, ó máa ń fún ara ẹ̀ mọ́ra kọjá níbi tí ẹnu ìbọn ti há. Irin kì í gba ẹ̀bẹ̀. Mi ò tíì yìn tó páálí kan tán tí mo fọwọ́ pa ẹnu ìbọn mi lára, ó ti wú bí ọ̀fun ejò tó gbé eku mì. Wọ́n ní kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ó wà lára ògiri báyìí, àwọn àlejò ń yìn ín.

Ìṣọ̀lá Calgary: Ẹ má dẹ́rù bà á. Tó bá ti wọlé, ó bá a mu nìyẹn.

Bàbá Ìbejì, Edmonton: Ọ̀rọ̀ tó ń fọ́ ìbọn nìyẹn! Íǹṣì 3 tí wọ́n kọ sí i, gígùn ẹ̀ lẹ́yìn tó bá yìn tán ni. Kó tó yìn, ẹnu ẹ̀ ká sínú, ó kúrú, á wọ ihò 2¾ láìjanpata. Tí iná bá ràn án, ẹnu tó ká yẹn fẹ́ là, kò sáyè, á lọ fún ọ̀nà mọ́ ọta. Agbára tí kò ráyè jáde, ta lo rò pé ó máa bá?

Ìṣọ̀lá Calgary: Ọdún mẹ́ta ni mo fi yìn tèmi bẹ́ẹ̀. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá rèé, ẹ wá kà á.

Ìyá Tiwa, Saskatoon: Ẹni tó dijú sọdá títì tí mọ́tò ò gbá, ẹ̀yin lẹ máa ní ká gba ìwé awakọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ gbọ́ tilé wa. Ọkọ mi da gẹ́ẹ́jì 20 tèmi pọ̀ mọ́ 12 tiẹ̀ nínú àpò kan. Ó ki 20, tó tín-ín-rín ju 12 lọ, bọ ìbọn ẹ̀ lókùnkùn, ó yọ̀ wọlé, ó lọ há sọ́nà. Ó wò ó, ó rò pé òfo ni, ó fẹ́ ki 12 tẹ̀ lé e. Igbe tí mo ké, àwọn gúùsì gbọ́. Ìbọn yẹn ì bá bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọn ò kàn ṣàdédé kun 20 ní àwọ̀ ìyeyè. Gẹ́ẹ́jì kan ṣoṣo ló ń wọ ilé mi báyìí.

Ìṣọ̀lá Calgary: Ẹ ra awò ojú fún wọn, Màmá.

Àlàó Regina: Ṣé kí n ra òjé, ká parí ẹ̀?

Bàbá Ìbejì, Edmonton: Fún gúùsì kẹ̀? Òfin ti lé òjé kúrò níbẹ̀ láti 1999. Tí o bá fẹ́ràn ìbọn bàbá yẹn, ọta tí wọ́n fi mẹ́táàlì bismuth ṣe ni kó o wá, èyí tó jẹ́ 2¾. Ó rọ̀, òfin sì gbà á. Owó ẹ̀ ló le. Jẹ́ kí ẹni tó ń tún ìbọn ṣe kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí o bá máa ra òmíràn, pọ́ǹpù oníhò íǹṣì 3, tí ẹnu ẹ̀ ṣeé tú pààrọ̀. Ọtomátíìkì máa ń kọṣẹ́ tí òróró bá dì.

Ìyá Tiwa, Saskatoon: Ẹ nu òróró kúrò, ẹ kàn fi ráńpẹ́ sílẹ̀. Ọtomátíìkì ò fi bẹ́ẹ̀ ta èèyàn léjìká. Àlàó, gbé e síjìká kó o ti dijú, kó o wá lajú. Tí ojú ẹ ò bá tọ ojú ìbọn lọ tààrà, dá a padà fún ọlọ́jà, ì báà jẹ́ wúrà.

Àjàdí Winnipeg: Òtútù wo ló wà ní Edmonton tí òróró fi ń dì? Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ dúró lẹ́bàá àbàtà Oak Hammock Marsh nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ rí bí gúùsì ṣe ń bo ojú ọ̀run.

Ìyá Tiwa, Saskatoon: Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń jẹun, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń yà tọ̀.

Ìṣọ̀lá Calgary: Àparò kan ò ga jùkan lọ.

Bàbá Ìbejì, Edmonton: Ìṣọ̀lá, o dárúkọ àparò. Àlàó, tó o bá ra pọ́ǹpù, rántí fi igi dí inú ẹ̀: kátíríìjì mẹ́ta lòfin gbà fún gúùsì, ti ẹnu ihò mọ́ ọn. Bàbá mi ò nílò òfin. Ṣakabùlà fúnra ẹ̀ lòfin. Kí wọ́n tó rọ ẹtù míì, àparò ti dé oko ẹlòmíì. Èmi ni mo máa ń gbé àpò tẹ̀ lé wọn, ìrì á ti rin mí dé itan. Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn ẹtù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí.

Àjàdí Winnipeg: Ẹ má jẹ́ n sunkún níbi iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́.

Àlàó Regina: Ẹ̀yin àgbà, ọ̀la ni Furáìdé o. Pọ́ǹpù àbí ọtomátíìkì?

Ìyá Tiwa, Saskatoon: Pa á ná. Itan kan ni tèmi.

Ìṣọ̀lá Calgary: Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, Màmá, ẹ ò ní rí itan jẹ.