Sachiko kì í ṣe àbíkú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìtumọ̀ o. “Àbíkú ọmọ ọba” lẹ pe Sachiko, ọmọ kejì Hirohito, olú-ọba Jàpáànù. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn ò bá a mu.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 1927 ni wọ́n bí i. Kòkòrò àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì kú lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹta 1928, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó pé oṣù mẹ́fà. Shigeko tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà, àwọn àbúrò márùn-ún tó tẹ̀lé e náà dàgbà. Àbíkú a máa lọ, a máa bọ̀, inú ìyá kan náà ló sì ń padà sí. Nínú àwọn ọmọ tí Nagako, ìyá Sachiko, bí, ọ̀kan péré ló kú ní kékeré.

Ká ní ìdílé Meiji, bàbá bàbá Hirohito, lẹ ń sọ ni, ǹ bá rò ó díẹ̀. Ọmọ 15 ló bí, 10 ò dàgbà. Ṣùgbọ́n obìnrin márùn-ún ló bí wọn fún un, méjì nínú wọn sì bá ọmọ bíbí lọ ní 1873. Sono Sachiko (orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, àmì ìkọ̀wé Jàpáànù tí wọ́n fi ń kọ ọ́ yàtọ̀) bí mẹ́jọ, mẹ́rin kú. Tòun yẹn ni ìyá mi àgbà ì bá fi ojú àbíkú wò.

Orúkọ oyè ọmọ Hirohito náà ló ká mi lára jù: Hisa-no-miya. Ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ ọmọ olú-ọba lórúkọ níbẹ̀, orúkọ tirẹ̀ àti ti oyè. Àmì “hisa” yìí ni wọ́n fi ń kọ “hisashii”, ohun tó ti pẹ́. “Miya” ni ààfin.

Ẹ wá túmọ̀ rẹ̀ sí “Málọmọ́”. Rárá o. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń jẹ́ Málọmọ́. Ọmọ mẹ́ta ti lọ kí wọ́n tó bí i. Bí ìyá mi àgbà bá ń pè é, á fa “mọ́” yẹn gùn bí ẹni tó ń di nǹkan mú. Ẹ̀bẹ̀ ni, ẹni tí ikú ti yà sílé rẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́. Hisa ní tirẹ̀, àdúrà ìkómọ ni.

“Pẹ́láàfin” ni mo dábàá: “pẹ́ ní ààfin” ló sún kì, bí “ní ayé” ṣe di “láyé”. Sachiko ní tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìrànwọ́ àtọ̀runwá ni àmì rẹ̀ ń sọ, bí a bá sì fi Olú tàbí Ifá sí i, a ti sọ ọ́ di ọmọ tiwa.

Ó ku “ó wàjà” tí ẹ kọ ní ìlà kẹta. Ọba tó ti jẹ ló ń wàjà. Fún ọmọ ọwọ́, nílé wa, “kò dúró” là ń wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn rọ́pò rẹ̀.