Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo UFC l'Ákúrẹ́ àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jìjàkadì rí, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ìsìnkàn: Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi ọjọ́ ti pẹ́. Ìdájí Sunday kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2022, àwa mẹ́fà la sùn sí yàrá ọ̀rẹ́ mi ní Òkè-Àrò torí ìjà UFC, èyí tí wọ́n ti ń fi ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ àti ìjàkadì jà, láàárín Kamaru Usman, ọmọ Nàìjíríà tó di bẹ́líìtì mú nígbà yẹn, àti Leon Edwards. A dáwó epo jẹnẹrétọ̀, ẹnì kan ra búrẹ́dì, èmi gbé gààrí àti ẹ̀pà wá. Ráúndì kìíní, Edwards gbé Usman lulẹ̀, ohun tẹ́nikẹ́ni ò ṣe fún un rí ní UFC, a ò kà á sí, a ní ó yọ̀ ni. Ráúndì kejì, ìkẹta, ìkẹrin, Usman ló ń fìyà jẹ ẹ́, a ti ń kọrin. Ráúndì karùn-ún wá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ọ̀kan nínú wa dìde pé òun ń lọ pa jẹnẹrétọ̀, ó ti parí. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà la gbọ́ GBÀ! Ìpá ẹsẹ̀ òsì, orí ló bà. Usman na gbalaja, ojú ẹ̀ là sílẹ̀ àmọ́ kò rí nǹkan kan. Yàrá yẹn dákẹ́ débi pé ìró jẹnẹrétọ̀ nìkan là ń gbọ́. Ẹni tó kọ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n ń bèèrè pé kí ló dé, kí ló dé, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bí mo ṣe rìn dé Ìsìnkàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò mọ̀.

Ìjà wo ló dùn yín tó bẹ́ẹ̀? Tẹ́ ẹ bá sì ti jìjàkadì fúnra yín rí, ìbáà ṣe gídígbò àdúgbò ìbáà ṣe ti ilé ìwé, ẹ sọ ọ́ níbí.

Ọ̀dà Road: Má rán mi létí jọ̀ọ́. Mi ò jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá Ìbejì: Èmi wò ó tán mo wọṣọ mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, èmi ni mo ń darí mọ́tò níta lọ́sẹ̀ yẹn, ìyàwó mi ní ṣé ara mi ò yá ni, mo ní ara mi yá. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé onijàkadì ni Usman. Ìjàkadì ló ṣe ní yunifásítì l'Ámẹ́ríkà, Nebraska-Kearney, ó gba ipò kìíní ní ìpele kejì àwọn yunifásítì wọn lọ́dún 2010. Kí lonijàkadì ń wá lóòró nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan? Dì í mú! Tì í mọ́ wáyà tó yí wọn ká, gbé e lulẹ̀, jókòó lé e láyà kí aago máa lọ. Khabib, ọmọ Rọ́ṣíà tó jà ní UFC náà, ò jẹ́ dúró síwájú ẹnikẹ́ni báyẹn. Ìjà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló jà, kò sẹ́ni tó borí ẹ̀ rí títí tó fi fẹ̀yìn tì ní 2020. Ẹ rántí ohun tó ṣe fún McGregor ní 2018, ráúndì kẹrin, ó gùn ún lẹ́yìn, ó lọ́ ọ lọ́rùn, ariwo ẹnu tán.

Ọmọ Ìsìnkàn: @Bàbá Ìbejì ẹ̀gbọ́n, ó gbìyànjú láti gbé e lulẹ̀ o. Edwards ló ń sá. Àárẹ̀ ti mú Edwards débi pé kóòṣì ẹ̀ ń jágbe mọ́ ọn kí ráúndì karùn-ún tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló lè mọ̀ pé irú ìpá yẹn ṣì kù lẹ́sẹ̀ ẹ̀?

Ará Ọba-Ilé: Ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni. Auchi ni wọ́n bí Usman sí, kì í ṣe ọmọ wa. Israel Adesanya, akẹgbẹ́ ẹ̀ ní UFC tí wọ́n bí sí Èkó, ni Yorùbá.

Bàbá Ìbejì: Auchi ṣe jìnnà ni? Tó o bá gba Ìkàrẹ́ tó o gba Ìbíllò, o ti débẹ̀ ná. Ìwọ̀-Oòrùn kan náà la jọ wà kí wọ́n tó gé Midwest kúrò ní 1963. Ọmọ ìyá ni wá.

Ará Ọba-Ilé: Ọmọ ìyá tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ọ̀dà Road: Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ 🙄

Tíṣà Oǹdó: Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, ẹ ń jà sí Auchi, ẹ ń jà sí Èkó, ọmọ Akúrẹ́ gan-an wà ńbẹ̀ ẹ ò dárúkọ ẹ̀. Akúrẹ́ ni wọ́n bí Odunayo Adekuoroye, obìnrin oníjàkadì, sí. Góòlù Commonwealth mẹ́ta, Glasgow 2014, Gold Coast 2018, Birmingham 2022. Ó gba fàdákà nínú ìdíje àgbáyé ní Paris lọ́dún 2017. Ta ló dáwó epo torí ẹ̀? Ta ló sùn sí Òkè-Àrò?

Mo lè sọ ọ́ torí èmi náà jà rí. SS2 ni mo wà, Handball ni mò ń gbá, kóòṣì kan wá wo wá, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ní kí n já a gbà, mo já a gbà, ó ní ọ̀la kí n wá sí stadium. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ṣì ń gbóòórùn máàtì yẹn, òógùn àti Izal, etí ẹ̀ ti ya, a máa ń fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ ká tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá di ọ̀sán Saturday awọ ìgúnpá wa á ti bó.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan àwọn tó máa ṣojú ìpínlẹ̀, ọmọ kan láti ọ̀nà Arógbò ni wọ́n fi mí sí. Ó kúrú, kò sọ̀rọ̀, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ le bí igi àjẹ̀, ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ odò yẹn látìgbà tí wọ́n ti lè jókòó ni wọ́n ti ń wakọ̀. Àmọ́ mo yára jù ú lọ. Mo ní àámì mẹ́fà, òun ní ọ̀kan. Ó ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá, mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kí n gbá ẹsẹ̀ ẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti ń retí mi. Apá ẹ̀ wọ abẹ́ abíyá mi, mo kàn rí i pé òrùlé stadium ló wà níwájú mi. Mo gbé ọrùn dúró bí afárá, mò ń ti ilẹ̀, ó fi àyà tẹ̀ mí, mo wá gbọ́ ọwọ́ rẹfirí lórí máàtì, PÁ. Nínú ìjàkadì tẹ́yìn èèyàn bá ti kanlẹ̀, àámì kì í ṣe nǹkan kan mọ́. O lè ní mẹ́fà, o lè ní mẹ́jọ, ó ti parí.

Mo délé, bàbá mi rí ọgbẹ́ lọ́rùn mi, wọ́n bèèrè, mo sọ òótọ́. Wọn ò nà mí, wọn ò pariwo. Lọ́jọ́ kejì mo rí síńgílẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń jà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi ń nu mọ́tò.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́dún 2021 ní Òlíḿpíìkì Tokyo, tí Odunayo ń ṣíwájú ọmọ Moldova yẹn, Nichita, táwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n wá fẹ̀yìn ẹ̀ kanlẹ̀, mo sunkún. Orí fóònù ni mo ti ń wò ó, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu kí àwọn ọmọ mi má bàa jí. Mo mọ bí òrùlé yẹn ṣe máa ń rí.

Ọ̀dà Road: Wọ́n fi síńgílẹ́ẹ̀tì nu mọ́tò. Áà. Áà.

Ọmọ Ìsìnkàn: Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ka tiyín tán mo wá rí i pé tèmi kì í ṣe nǹkan.

Ará Ọba-Ilé: Tíṣà, ẹ má bínú o, kí n lè mọ̀ ni. Mẹ́fà sí ọ̀kan, ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Kí lẹ tún ń wá lẹ́sẹ̀ ẹ̀?

Tíṣà Oǹdó: Ohun tí Bàbá Ìbejì bi Usman náà lo bi mí yẹn. Kóòṣì mi ń pariwo pé kí n dúró, kí n máa yípo, gbogbo èèyàn gbọ́ ọ àfi èmi. Ara tó bá ti ń borí láti ìbẹ̀rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Wàá gbọ́ èémí ara ẹ, wàá gbọ́ tẹni tẹ́ ẹ jọ ń jà, kò tún sí ohùn mìíràn.

Bàbá Ìbejì: Mo ti gbọ́. Mo yọwọ́ lọ́rọ̀ Usman. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbèjà bàbá yín díẹ̀. Lójú àwọn àgbà, gídígbò ti ọkùnrin ni, ìgbà ọdún tàbí òṣùpá ni wọ́n ń ṣe é ní ìta gbangba, wọn ò fojú rí obìnrin ńbẹ̀ rí. Aṣọ ìjàkadì yẹn náà sì lẹ̀ mọ́ra jù.

Nọ́ọ̀sì Ìjọkà: Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ wo ni kẹ́ ẹ fi jìjàkadì, ìró àti bùbá? Tó bá fẹ̀, ìka ẹni á há sí i, ìka á kán. Ìdí tó fi lẹ̀ mọ́ra nìyẹn.

Bàbá Ìbejì: Mi ò mọ̀yẹn tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìjọkà: Ẹni tó sì kọ́kọ́ gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì fún Nàìjíríà nínú ìjàkadì, obìnrin ni. Blessing Oborududu, fàdákà, 68 kílò, Tokyo yẹn náà. Kò tíì sí ọkùnrin kankan tó gbà á ṣáájú ẹ̀.

Ará Ọba-Ilé: Daniel Igali ńkọ́? Góòlù ni tiẹ̀, Sydney 2000.

Nọ́ọ̀sì Ìjọkà: Kánádà ló gbà á fún. Bayelsa ni wọ́n bí i, ó lọ sí Commonwealth ní Victoria ní 1994 kò padà wálé mọ́. Àsíá Kánádà ló tẹ́ sílẹ̀ lórí máàtì tó fẹnu kò.

Ọmọ FUTA: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní 2024, oṣù kẹjọ, ní Perth, Dricus du Plessis ọmọ South Africa gbé Adesanya lulẹ̀ ní ráúndì kẹrin, ó gùn ún lẹ́yìn, ó fi apá kọ́ ọ, Izzy (Adesanya yẹn náà) táàpù, ìyẹn ni pé ó fọwọ́ lù ú láti sọ pé òun gbà. Inú bí mi gan-an, torí gbogbo àríyànjiyàn tí wọ́n ti fà lórí ta ni ọmọ Áfíríkà gidi. Mo ní ó yá jù, èmi ì bá fara dà á. Bọ̀bọ́ kan wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa tó ń ṣe júdò, ó ní kí n jókòó sílẹ̀, òun á mú mi bí wọ́n ṣe mú Izzy, tó bá ti tó kí n lu apá òun. Mo ní mi ò ní lù ú. Ó fi apá kọ́ mi lọ́rùn láti ẹ̀yìn, kò tiẹ̀ dùn mí, mò ń kà lọ́kàn, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ohun tí mo tún rí ni fáànù tí kò yí torí kò síná, àti ojú èèyàn mẹ́rin lórí mi, omi wà láyà mi. Mo rò pé mo ti sùn di ọjọ́ kejì. Wọ́n ní kò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Látọjọ́ yẹn mi ò bú ẹni tó bá táàpù mọ́.

Ará Ọba-Ilé: Irọ́. Èèyàn á dá èémí dúró fún odindi ìṣẹ́jú kan nínú odò Ọ̀wẹ̀nà, ìwọ ò lè ṣe mẹ́wàá?

Nọ́ọ̀sì Ìjọkà: Kì í ṣe irọ́. Èémí kọ́ ló dí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì ló wà lọ́rùn, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, àwọn ló ń gbẹ́jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Tí wọ́n bá mú èèyàn dáadáa, ìgbọ̀nwọ́ á bọ́ sí iwájú ọ̀fun, apá òkè á tẹ iṣan kan, apá ìsàlẹ̀ á tẹ èkejì. Èémí ṣì ń wọlé, ẹ̀jẹ̀ ni kò gòkè. Ìdí tí kò fi dun @Ọmọ FUTA nìyẹn, ìdí nìyẹn tó fi léwu. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Tí ẹnì kan bá dákú báyẹn, ẹ tú u sílẹ̀ kíá, ẹ tẹ́ ẹ délẹ̀, ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, omi tẹ́ ẹ dà á láyà ò ṣe nǹkan kan.

Àgbà Ọjà Ọba: Gbogbo yín ọmọdé ni. Nígbà tiwa Power Mike là ń pariwo. Ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n, ojú fèrèsé ẹ̀ kún fún orí èèyàn.

Ọ̀dà Road: Bàbá, rẹ́sílíǹ nìyẹn, wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí tẹ́lẹ̀.

Àgbà Ọjà Ọba: Ta ló sọ fún ọ?

Ọ̀dà Road: Àwa tí wọ́n sọ fún pé Undertaker kú lẹ́ẹ̀mẹfà ó jí lẹ́ẹ̀keje, a ti gbọ́n 😂 Ẹ̀gbọ́n mi gbé mi sókè bí Undertaker lórí bẹ́ẹ̀dì màmá wa, igi bẹ́ẹ̀dì ló ṣẹ́. Wọ́n nà wá débi pé ará àdúgbò wá bẹ̀bẹ̀.

Ọmọ Ìsìnkàn: Gbogbo ilé ni bẹ́ẹ̀dì ti ṣẹ́ 😂😂

Bàbá Ìbejì: Àgbà wa, ìjà gidi nìyí: UFC àkọ́kọ́, 1993, Denver. Kò sí ìwọ̀n kílò, ẹni ńlá ń bá ẹni kékeré jà. Royce Gracie tó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn ló mú kí ẹni mẹ́ta táàpù lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Jiu-jitsu nìkan ló fi ṣe é. Àtìgbà yẹn ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé ẹni tí kò bá mọ ìjà ilẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ kò lè gbà á.

Ará Ọba-Ilé: Ngannou, ọmọ Cameroon tó jà ní UFC, ò mọ ìjà ilẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ gbà á.

Bàbá Ìbejì: Kò gbà á ní 2018! Miocic gbé e lulẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó lọ kọ́ ọ ni. Nígbà tí orókún ń dùn ún ní 2022, ìjàkadì ló fi borí Gane. Lọ wò ó.

Ará Ọba-Ilé: Ó dáa, mo gbà lórí ìyẹn.

Ọ̀dà Road: Ẹ sàmì sí ọjọ́ òní o, Ará Ọba-Ilé gbà.

Bàbá Ìbejì: Tíṣà Oǹdó, látàná ni mo ti fẹ́ bi yín, mo ń fà á sẹ́yìn. Àwọn ìbejì mi pé ọdún mẹ́wàá, obìnrin ni Táíwò. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ti gbé lulẹ̀ tán, ọkùnrin obìnrin. Ìyá ẹ̀ ní kí n bá a wí. Mo ti ń bá a wí. Mo ka ọ̀rọ̀ síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn, mi ò sùn dáadáa. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́wàá kéré jù?

Tíṣà Oǹdó: Kò kéré. Ẹ mú un wá sọ́dọ̀ àwọn kóòṣì ní stadium. Ẹ gé èékánná ẹ̀, ẹ yọ yẹtí ẹ̀, ẹ di irun ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má ní ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ má ra nǹkan kan, kó wọ ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì lásán. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ wọn ò ní jẹ́ kó bá ẹnikẹ́ni jà, bí wọ́n ṣe ń ṣubú ni wọ́n máa kọ́ ọ, á máa ṣubú láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ má dààmú.

Bàbá Ìbejì: Ìyá ẹ̀ ńkọ́?

Tíṣà Oǹdó: Ẹ mú wọn dání. Kí àwọn náà jókòó wò ó.

Bàbá Ìbejì: Aago mélòó?

Tíṣà Oǹdó: Aago mẹ́rin Saturday, èmi náà á wá láti Oǹdó. Kó gbé omi dání.