Owó igi tí a dá nílùú wa: ẹ bá wa sọ ìrírí tiyín

Ọmọ Òkè-Ògùn:
Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará. Ìlú wa kò jìnnà sí Ṣakí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, abẹ́ igi àyìn àti igi òrí la máa ń gbà lọ sóko. Èédú ló jẹ wọ́n tán. Igi àyìn le, iná rẹ̀ kì í tètè kú, òun làwọn tó ń sun èédú kọ́kọ́ gé. Nígbà tí ìyẹn ń tán lọ, wọ́n bọ́ sórí igi òrí tí àwọn ìyá wa fi ń jẹun, igi tó máa ń tó ọdún 15 kó tó so dáadáa. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi tán, torí àwa ará ìgboro la ń ra èédú náà.

Ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá dá owó. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà mú 1,000 náírà wá, ó ní kí òrí má parẹ́ lójú òun. Gbogbo owó la fi ra ọmọ igi inú ọ̀rá, 400. Oṣù Kẹsàn-án la gbìn ín, a ya fọ́tò, a túká. Kò pẹ́ lòjò dá, gbòǹgbò kò tíì mú ilẹ̀. Ewúrẹ́ jẹ nínú rẹ̀, iná ìgbẹ́ jó ìyókù. Nígbà tí mo padà dé lóṣù Kejì, 19 ni mo kà. Owó ìyá ẹlẹ́wà yẹn ló ń dùn mí jù.

Lọ́dún kejì, 100 péré la gbìn, oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa. Ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta owó náà la fi san ọ̀dọ́ méjì tó ń bomi rin ín, tó ń ro ìdí rẹ̀, tó sì ro ilẹ̀ yí i ká kí iná má ráyè wọlé. 71 ló yè.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Kòkòrò ló bá tiwa jà. Ìrókò nìkan làwọn àgbà fẹ́, ìrókò la sì gbìn sójú oòrùn gbangba. Ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lé bí eéwo, ọ̀mùnú rẹ̀ ń rà. Ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ igbó ní kòkòrò ìrókò ni, pé kí a fi igi mìíràn sáàárín rẹ̀, kí ìbòòji wà. A fi afàrà àti àgbálùmọ̀ sí i, ó sì rọlẹ̀. Nítorí àgbálùmọ̀ yìí, àwọn ọmọdé fúnra wọn ló ń lé ewúrẹ́ báyìí.

Ọmọ Òkè-Ògùn:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń rí owó ìtọ́jú gbà lọ́dún kẹta? Àwọn èèyàn wa ń yára dá owó igi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dárúkọ owó omi àti owó ọkọ́, kálukú á dákẹ́.