Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ilé ìdáná màmá mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ìdáná màmá mi ní Ìbàdàn ni mo fẹ́ tún ṣe, owó tó wà lọ́wọ́ mi ò sì ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 náírà lọ. Màmá ti lé lẹ́ni 70 ọdún, wọn ò lè máa bẹ̀rẹ̀ dáná mọ́.

Kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì ló ń dùn mí jù. MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, ni káfíńtà fi kàn án ní ọdún 3 sẹ́yìn. Omi páìpù ń jò sí i, ó ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Téèyàn bá fọwọ́ kàn án, á máa rún sílẹ̀ bíi gààrí. Aáyán ti sọ ibẹ̀ dilé. Káfíńtà mìíràn ní ká lo marine board, ìyẹn pákó tí omi kì í tètè bà jẹ́. Bíríkìlà ní kí òun fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n, ká lẹ táìlì mọ́ ọn. Ti bíríkìlà wọ̀ mí lójú, torí omi ò lè sọ búlọ́ọ̀kù di ìyẹ̀fun, àmọ́ ìdọ̀tí á máa há sáàárín táìlì. Ṣé kí n fi gíránáìtì ṣe orí rẹ̀ nìkan?

Sílíńdà gáàsì ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ló wà báyìí, ọkàn mi ò sì balẹ̀ rárá. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá ń jò, ilẹ̀ ló máa ń kóra jọ sí. Mo fẹ́ gbé e síta, kí páìpù gba ara ògiri wọlé. Irú páìpù wo ló dáa? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye tó ná yín.