Adadẹ ni Barbedienne, kì í ṣe alágbẹ̀dẹ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni bí a ṣe máa kọ àlàyé sábẹ́ ère idẹ Faransé kan: Thésée, akọni inú ìtàn àtijọ́ Gíríìkì, tó ń bá Minotaure, abàmì tó ní orí màlúù àti ara èèyàn, jà. Orúkọ BARYE, ẹni tó ṣe ère náà, wà lára ìdí rẹ̀, wọ́n sì tún tẹ F. BARBEDIENNE FONDEUR sí i ("fondeur" ni Faransé ń pe ẹni tó ń yọ́ idẹ dà). Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ dáhùn kọ ọ́ pé: "Ère idẹ tí Barye gbẹ́ nílé alágbẹ̀dẹ Barbedienne." Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. "Ère idẹ" nìkan ló gún nínú rẹ̀.

Igi là ń gbẹ́, òkúta là ń gbẹ́. Ẹni tó ń gbẹ́ nǹkan ń yọ lára ohun tó wà nílẹ̀ ni. Antoine-Louis Barye (1795–1875) fi amọ̀ àti ìda mọ ère ni, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí iṣan apá Thésée fi yọ. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé Barye ló mọ ọ́n.

Ti alágbẹ̀dẹ tiẹ̀ ló burú jù. Alágbẹ̀dẹ ń rọ irin: ẹwìrì, owú, òòlù, irin pọ́n, a lù ú. Kò sẹ́ni tó fi òòlù lu Thésée jáde. Ní ilé Barbedienne, iyanrìn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣiṣẹ́. Wọ́n á ki iyanrìn Fontenay-aux-Roses, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Paris, yí àwòṣe ká, ìyẹn ère àpẹẹrẹ tí wọ́n fẹ́ dà. Iyanrìn náà kúnná dé ibi pé ìlà irun orí kì í sọnù nínú rẹ̀. Wọ́n á yọ àwòṣe kúrò, àyè rẹ̀ á ṣẹ́ kù, wọ́n á sì da idẹ yíyọ́ síbẹ̀. "Dà" ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá a mu. Bí "wà" àti "ọkọ̀" ṣe bí awakọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni "dà" àti "idẹ" á ṣe bí adadẹ, ibi iṣẹ́ rẹ̀ á sì jẹ́ ilé ìdadẹ. Ẹnì kan ní etí ò tíì gbọ́ ọ rí. Kó lọ sí Ṣakí, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń da ìkòkò níbẹ̀ bóyá wọn ò ní yé e.

Ẹni tó ní ká fi "bàbà" dípò idẹ, rárá o. Bàbà ni wọ́n ń pò mọ́ tánganran ("tin" lédè Gẹ̀ẹ́sì) kó tó di idẹ ti Faransé yìí. Mo mọ̀ pé "idẹ" wa kó èyí tí wọ́n pò mọ́ síńkì náà mọ́ra. Kò séwu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá pe àwọn ère orí Ifẹ̀ ní "bronze", ìyẹn bàbà àti tánganran, fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní síńkì, àwọn mìíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni "ẹ̀dà". Ẹnìkan kọ̀wé pé ère yìí kì í ṣe ojúlówó, pé ẹ̀dà lásán ni, torí ẹ̀yìn ikú Barye ni wọ́n dà á. Òótọ́ ni pé Barbedienne ra púpọ̀ nínú àwọn àwòṣe Barye lọ́dún 1876, nígbà tí Barye ti kú, ó sì ń dà wọ́n tà pẹ̀lú orúkọ Barye lára wọn. Ọjà rẹ̀ nìyẹn láti 1838, nígbà tí òun àti Achille Collas dòwò pọ̀. Collas ló ṣe ẹ̀rọ tó ń sọ ère ńlá di kékeré: abẹ́rẹ́ kan ń tọ ara ère ńlá lọ, ìkejì ń gé kékeré bá a. Báyìí ni Venus ti Milo, ère òkúta Gíríìkì àtijọ́, ṣe wọ pálọ̀ àwọn èèyàn.

Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ idẹ, gbogbo ohun tí a dà ni ẹ̀dà. Kò sí "ojúlówó" kan tó jókòó síbì kan tí ìyókù ń sín jẹ. Òfin owó orí ilẹ̀ Faransé lónìí gbà kí ère kan ní ẹ̀dà méjìlá, mẹ́jọ tí a fún ní nọ́ńbà àti mẹ́rin ti ẹni tó mọ ọ́n, kí gbogbo wọn sì jẹ́ ojúlówó. Nígbà ayé Barbedienne kò sí irú gbèdéke bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀dà sílẹ̀ láìbú u.

Èyí tó yẹ ká bú ní orúkọ tirẹ̀. Barye ń fi idẹ ṣe àwòṣe tí wọ́n ń fi dà ìyókù. Mo dábàá "ìyá-ẹ̀dà" fún un. Tí ayédèrú oníṣòwò bá wá gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, tó fi iyanrìn ki í, tó dà á, "ẹ̀dà orí ẹ̀dà" nìyẹn. Rúlà máa ń tú u fó. Idẹ ń sunkì bó ṣe ń tutù, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ère tó yẹ kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45 á ga ní nǹkan bí 44 péré, ojú rẹ̀ á sì ṣú bí ìgbà tí ọṣẹ ti jẹ ẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gba "ìdà kẹta" tí ẹnìkan dábàá fún "ẹ̀dà kẹta". Ẹni tí kò fi àmì sí i á kà á sí ìdá kẹta, á máa wá ìdá méjì tó kù.

Èyí tí mo máa kọ nìyí: "Thésée àti Minotaure. Barye ló mọ ọ́n. Ilé ìdadẹ Barbedienne, Paris, ló dà á."

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ti àwọ̀ tí wọ́n ń fi iná àti ásíìdì sè sí ara idẹ, aláwọ̀ ewé tàbí dúdú bíi kòkó. Ẹni tó pè é ní ìpáàrà ṣì í, torí ìpáàrà ń ba nǹkan jẹ́ ni, a sì ń san owó fún àwọ̀ yìí. "Aró idẹ" ló wà lẹ́nu mi, àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ ti àwọn tó mọ ilé aláró ju mi lọ.