Mo Fọn, Wọ́n Ní Ṣúgà Ń Jẹ Mí: Ìrírí Àwa Tí A Sanra Tí A Sì Ní Ìtọ̀ Ṣúgà

Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn ni mo bá wá, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìtọ́jú mi jẹ́.

Ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì ni mo ní, mo sì sanra gan-an. Orúnkún ń ro mí, ẹsẹ̀ ń wú, ẹ̀jẹ̀ ń ru. Oògùn orúnkún lọ́tọ̀, ti ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́tọ̀, ti ṣúgà lọ́tọ̀. Ọjọ́ tí dókítà obìnrin kan mú téèpù, irú èyí tí télọ̀ ń lò, tó fi wọn ikùn mi, ló tó yé mi pé wọ́n bára wọn tan. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà. Dókítà ní bí ti obìnrin bá ti kọjá 80, tí ti ọkùnrin kọjá 94, ó ti tó ohun tí à ń fura sí. Ọ̀rá tó kó sínú ikùn, tó wọnú ẹ̀dọ̀, ni kì í jẹ́ kí ínsúlínì, èròjà ara tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ríṣẹ́ ṣe. Ínsúlínì ń kanlẹ̀kùn, ara kọ etí ikún sí i.

Bí mo ṣe dín oúnjẹ kù nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàn yín. Wọ́n á ní ti oníṣúgà ni, ẹ máa jẹ ẹ́ bó ṣe wù yín. Oúnjẹ afáralókun ṣì ni! Òkèlè tèmi kò ju ìkúùkù lọ báyìí, ẹ̀fọ́ ló gba ìdajì abọ́: tẹ̀tẹ̀, gbúre, ṣọkọ, pẹ̀lú ẹja. Ṣíbí ni mo fi ń wọn epo sínú ọbẹ̀. Ẹlẹ́rìndòdò ti tán nílé mi.

Bí ara ṣe ń fúyẹ́ ni wàhálà dé. Lọ́jà, wọ́n á fa aṣọ mi ní èjìká, wọ́n á ní, “Ṣé kò sí o?” Àbúrò ọkọ mi gbé iyán àti ẹ̀gúsí wá láti Ìlọrà, ó ṣí kúlà níwájú mi, omi ti lé sí i lójú. “Ìyàwó wa, ẹ jẹun. Ẹ má jẹ́ kí àìsàn yìí jẹ yín tán.” Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń kọ iyán lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún? Ọkọ mi ló bá mi là á yé e.

Kì í ṣe pé ẹ̀rù wọn kò nídìí o. Bí oníṣúgà bá ń rù láìjẹ́ pé ó wá a, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tó ń tọ̀ ní òru ṣáá, kó tètè lọ sílé ìwòsàn. Tèmi yàtọ̀, èmi ni mo wá a. Dókítà ti dín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi kù. Orúnkún kò tíì dákẹ́ tán, ṣùgbọ́n mo ń gun àkàbà mú aṣọ fúnra mi.

Bàbá Awakọ̀, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Tèmi, oorun ni. Mo ń hanrun débi pé àwọn ọmọ sá kúrò ní yàrá kejì. Ìyàwó mi ló kíyè sí i pé èémí mi ń dá, á sì tún sọ padà bí ẹni tí wọ́n yọ lódò. Wọ́n ní ọ̀rá ọrùn ló ń dí ọ̀nà ọ̀fun mi tí mo bá sùn, ó sì wọ́pọ̀ lára oníṣúgà tó sanra. Orí á máa fọ́ mi láàárọ̀, mo ń tòògbé lọ́sàn-án. Lórí ọ̀nà Ṣágámù! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Ọmọ Èkìtì, London

Bàbá mi wà lára àwọn tí NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, fún ní ọbẹ̀ olómi àti ohun mímu tí wọ́n pò dípò oúnjẹ, kálórì (ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ) 800 sí 900 lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Wọ́n kọ́kọ́ bínú: “Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni?” Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Scotland àti Tyneside ní àríwá England, tó jáde ní 2017, ló ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ṣúgà ti wálẹ̀ kúrò ní ìwọ̀n ti oníṣúgà, láìlo oògùn, lára 46 nínú 100 àwọn tó ṣe é. Lára àwọn tó fi kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fọn, ó jẹ́ 86 nínú 100. Bàbá kò lo oògùn ṣúgà mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́dọọdún, torí ó lè padà. GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́, tí kò bá tíì ju ọdún 6 lọ tí wọ́n ti rí i lára yín.

Nọ́ọ̀sì, Òṣogbo

Ọmọ Èkìtì, o ṣeun, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dá a ṣe nílé o. Nínú àwọn oògùn ṣúgà, glibenclamide àti abẹ́rẹ́ ínsúlínì lè mú èèyàn sanra sí i, metformin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi dókítà èwo ni tiyín, ẹ má kàn jáwọ́. Tí ẹ bá ń lo glibenclamide tàbí ínsúlínì tí ẹ sì gé oúnjẹ kù lójijì, ṣúgà lè já wálẹ̀: òógùn á bò yín, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú á ṣú. Ẹ tètè mu ìdajì ife omi ọsàn tàbí omi ṣúgà, kẹ́ ẹ sì tún ṣúgà yín wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.